Èékánná Tó Gba Omi Dúró

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù Ọwọ́dán, ẹ má tíì jókòó. Ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ yín síbi fèrèsé kó wò ó, lófìfo, láìsí ọ̀dà kankan lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ní ojú ń kán yín, á ní kò burú, ẹ máa lọ, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Àwọn oníbàárà tuntun máa ń rò pé ìgbéraga ló ń dà á láàmú. Àwọn àtijọ́ mọ ìdí rẹ̀, torí pé wọ́n mọ Màmá Gbọọrọ.

Ọwọ́dán kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ló fún un, nítorí kò sí ọwọ́ tó wọ ibẹ̀ tí kò ní dán jáde. Yàrá kékeré kan ni ṣọ́ọ̀bù náà, lókè ibi tí ọkùnrin kan ti ń ta bàtà. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àga méjì tó kọjú síra, iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ kí ọ̀dà lè le, àti àwọn ìgò kútẹ́ẹ̀sì tó tò sára ògiri láti orí funfun títí dé orí dúdú. Òórùn asẹtóònù, omi tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà èékánná, ti wọ aṣọ fèrèsé lára débi pé bí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á ṣì máa rùn ún.

Ohun tí Ọwọ́dán mọ̀ ọ́n ṣe jù ni àtúnṣe. Bí èékánná rẹ bá sán, bó ṣẹ́, bó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bébà, á bu jẹ́ẹ̀lì líle, á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tẹ́ ẹ sójú ibi tó bàjẹ́, á ní kí o ki ọwọ́ bọ abẹ́ iná, á fi fáìlì yún un títí yóò fi tẹ́jú, ó parí. Ìwọ gan-an kò ní rántí ibi tó ti ṣẹ́ mọ́.

"Kò sí kòtò tí mi ò lè dí," ló máa ń wí, "àfi èyí tó wà lójú títì."

Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ìyá rẹ̀ ni Màmá Gbọọrọ. Yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló ti ń lọṣọ láti ìgbà tí Ọwọ́dán ti wà ní ọmọ ọwọ́. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ náà, nítorí ìlà tó bá lọ̀ sí ṣòkòtò, gbọọrọ báyìí ni. Èèrà lè rìn ín láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ láì ṣìnà. Bí ọmọ tuntun bá dé síbi iṣẹ́, tó lọṣọ tó rí wúruwùru, Màmá Gbọọrọ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Ọmọ mi, aṣọ yìí ò ṣẹ̀ ẹ́. Kí ló dé tó o fi lù ú?"

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò fi kútẹ́ẹ̀sì kan ìka rí. Ta ló fẹ́ kí pupa lọ lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun olówó? Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ti ń sún mọ́lé, wọ́n gbé e kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù, wọ́n ní kó máa wo iṣẹ́ àwọn ọmọdé, ni ó bá gun àtẹ̀gùn wá bá ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Kùn ún fún mi. Pupa tó rinlẹ̀. Èmi náà fẹ́ dára kí n tó di arúgbó."

"Kí ẹ tó dì í? Màmá, ẹ ò ti pẹ́ dé ibẹ̀?"

"Kun èékánná, má sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá lóṣooṣù, wákàtí yẹn sì wá di ohun tí àwọn méjèèjì ń retí. Ọmọ á di ọwọ́ ìyá mú, ìyá á máa sọ̀rọ̀ àwọn tó wá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì: ẹni tó gbàgbé eyín sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ní kí wọ́n bá òun lọ ìbọ̀sẹ̀. Ọwọ́dán á rẹ́rìn-ín títí búrọ́ọ̀ṣì á fi yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ìgbà àkọ́kọ́, Ọwọ́dán ṣàkíyèsí pé èékánná àtàńpàkò ìyá rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, àárín rẹ̀ sì ti tẹ̀ wọnú díẹ̀, tí etí rẹ̀ ń yí sókè.

"Màmá, èékánná yín ti tẹ̀ o."

"Áyọ́ọ̀nù ni. Ẹni tó bá fi gbogbo ayé rẹ̀ di áyọ́ọ̀nù mú, kí ni kò ní tẹ̀ lára rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i létí. Ó bu jẹ́ẹ̀lì, ó dí i. Nígbà tó tún wá, ìka ìfábẹ̀lá ti dara pọ̀ mọ́ àtàńpàkò, Ọwọ́dán sì dí méjèèjì. Nígbà tó ṣe, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti tẹ̀ bíi ṣíbí kéékèèké, jẹ́ẹ̀lì tó ń lọ sí i sì ń pọ̀ sí i. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, ẹ má tan ara yín. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, yóò wú bí orí ìkòkò. Ti Ọwọ́dán tẹ́jú, ó ń dán, inú rẹ̀ sì dùn pé òun lè ṣe irú rẹ̀ fún ìyá òun.

Kò sì rò ó pọ̀ mọ́ àwọn ohun yòókù. Bí Màmá Gbọọrọ bá ń gòkè bọ̀, ó ti ń dúró ní àárín àtẹ̀gùn, á gbá ọ̀pá mú, á ní bàtà ni òun ń wò. Ọkùnrin oníbàtà á máa polówó fún un látìsàlẹ̀, kò mọ̀ pé èémí ni màmá ń wá. Ó sì tún ti fẹ́ràn yìnyín. Á kó o sẹ́nu, á máa rún un wómúwómú bí ẹni tó ń jẹ ìrẹsì gbígbẹ. Ọwọ́dán tilẹ̀ ń gbé yìnyín pamọ́ dè é. Ọjọ́ orí ni, wọ́n ní. Ọjọ́ orí yìí mà ń jìyà ẹ̀sùn o! Gbogbo ohun tí a kò bá fẹ́ wò dáadáa, òun la máa ń dì í rù.

Nígbà tí ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì ku ọ̀la, Màmá Gbọọrọ wá kun èékánná. Ọjọ́ náà ni Ọwọ́dán ṣe èyí tó dára jù láyé rẹ̀: pupa tó jinlẹ̀, tó ń tàn bí ojú dígí. Ìyá gbé ọwọ́ sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Wọ́n á bọ̀ mí lọ́wọ́ lọ́la," ó ní. "Mánẹ́jà gan-an á bọ̀ mí lọ́wọ́."

Ó dìde. Ó rìn dé orí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ni Ọwọ́dán gbọ́ tí ọkùnrin oníbàtà figbe ta, "Màmá! Màmá!" Nígbà tó fi máa sáré débẹ̀, ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, orí rẹ̀ fara ti ògiri, ojú rẹ̀ ń yí. Ọkùnrin náà kò bá a dúnàádúrà bàtà mọ́. Ó gbé e bí ọmọ, ó gbé e sínú ọkọ̀. Ọwọ́dán kó sí i pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ léjìká. Kò mọ̀ pé òun gbé báàgì náà.

Ní ọsibítù, dókítà tó yọjú sí wọn jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí gíláàsì rẹ̀ kì í dúró lórí imú. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan há ìka Màmá Gbọọrọ, èyí tó ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ àti bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹ̀rọ náà ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n bi í. Dókítà gbé e sí ìka mìíràn, bákan náà ni. Ó fa abẹ́ ìpéǹpéjú màmá wálẹ̀, ó wò ó, ó ṣe "hùn-ún". Ó tẹ èékánná kan, ó tún un tẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ta ló lè tẹ ohun tó le bí àwo tánńganran kó rí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀?

"Ta ló kun èékánná màmá?"

"Èmi ni," ni Ọwọ́dán fèsì, àní pẹ̀lú ìbẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀, ó ṣì fẹ́ kí wọ́n yìn ín.

"Ó dára gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́."

Màmá Gbọọrọ lajú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Yọ kí ni? Ọ̀la ni ayẹyẹ mi! Dókítà, ẹ fún mi lógùn kí n máa lọ."

Inú bí Ọwọ́dán. Ẹnì kan kò tíì jókòó rí kó ní kí ó yọ iṣẹ́ tí jẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò tíì tutù tán. "Dókítà, ṣé ẹ ò lè fi ẹ̀rọ yẹn há a létí ni? Mo gbọ́ pé ó máa ń ṣiṣẹ́ létí."

"Ó ń ṣiṣẹ́ létí. Màá sì há a síbẹ̀." Dókítà ti gíláàsì rẹ̀ sókè. "Ẹ gbọ́, àǹtí. Abẹ́ ojú màmá ti funfun; ẹ̀jẹ̀ ò tó lára wọn. Ìyẹn ni tòní. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ nǹkan àìpẹ́, ọ̀nà tí màá gbà lọ yàtọ̀. Tó bá ti pẹ́, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ibì kan lọ, mo sì gbọ́dọ̀ wá ibẹ̀ kí màmá tó kúrò níbí. Èékánná kì í hù kíákíá. Ohun tó ti ń ṣe ara bọ̀ láti ọjọ́ yìí, á ti wà lójú rẹ̀. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ rí."

Ọwọ́dán wo ètè ìyá rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí ètè náà ti di eérú bẹ́ẹ̀. Ó ṣí báàgì.

Ó fi fáìlì họ ojú ọ̀dà ìfábẹ̀lá, ó rẹ òwú sínú asẹtóònù, ó dì í mọ́ ìka, ó fi fóìlì wé e. Dókítà lọ wo ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì jókòó, ìyá ń bínú, ọmọ ń gbàdúrà láì la ẹnu. Nígbà tí dókítà padà dé, Ọwọ́dán tú u. Ó fi irin pẹlẹbẹ rẹ̀ ti ọ̀dà náà díẹ̀díẹ̀. Pupa kọ́kọ́ kúrò, lẹ́yìn náà ni jẹ́ẹ̀lì tó fi dí kòtò wá bọ́ lódindi bí ìpẹ́ ẹja.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èékánná tó wà lábẹ́ rẹ̀ funfun báláú, ó tẹ̀ wọnú, ó jìn.

 Dókítà fa omi díẹ̀ sínú ike kékeré kan, ó kán ẹ̀kán kan sójú èékánná náà. Omi máa ń yọ̀ kúrò lójú èékánná. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí kò lọ síbì kankan. Ó jókòó sínú kòtò yẹn, ó ń dán, bí ẹni tó dé ilé ara rẹ̀.

"Láti ìgbà wo ni, màmá?"

"Mi ò mọ̀ o. Áyọ́ọ̀nù ni."

Ọwọ́dán lè dákẹ́ o. Kò sẹ́ni tó bi í. Bó bá sọ̀rọ̀, á sọ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ pé òun ni òun ń bo àmì àìsàn mọ́ ìyá òun lára, tí òun sì ń fi ṣe fọ́ńté. Ó wo ẹ̀kán omi náà.

"Èmi mọ̀," ó ní. "Èmi ni mo ń dí i."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́, kò fi ọ̀kan pamọ́: pé àtàńpàkò ló ṣáájú, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé màmá kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù, pé ìfábẹ̀lá tẹ̀ lé e, pé jẹ́ẹ̀lì tó ń lò fún ọwọ́ kan tẹ́lẹ̀ kò tó ìka méjì mọ́. Dókítà fa àga, ó jókòó.

"Ẹ tún un sọ, ẹ rọra. Nígbà tí màmá ò lọṣọ mọ́, ṣé ó ń sàn ni àbí ó ń burú sí i?"

"Ó ń burú sí i."

"Nígbà náà, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù."

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè wá ń tú jáde. Ṣé màmá ń rún yìnyín? Ó ń rún un. Ṣé ìgbẹ́ wọn ń dúdú? Màmá Gbọọrọ ní irú ìbéèrè wo nìyẹn lójú ọmọ, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Ògùn wo ni wọ́n ń lò? Kò lo ògùn kankan, ó ní, àfi ti orúnkún.

"Ti orúnkún wo?"

Ó wá hàn pé láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn ún nídìí tábìlì ìlọṣọ, ló ti ń ra ògùn ìrora fúnra rẹ̀, tó ń gbé e mì láàárọ̀ kó tó jẹun kó lè tètè dúró sídìí iṣẹ́, tó sì tún ń gbé e mì lálẹ́. Ó ń jẹ ẹ́ bíi súìtì, ọdún gorí ọdún.

Wọn kò jẹ́ kó lọ sílé. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n sì ki ẹ̀rọ tó ní ojú bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Egbò ni wọ́n rí nínú ikùn, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣẹ́ láti ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Dókítà sọ fún Ọwọ́dán pé ká ní wọ́n ti gbé màmá lọ sílé pẹ̀lú ògùn ẹ̀jẹ̀ lásán, tó sì tún padà sídìí ògùn orúnkún, egbò náà lè lu nígbàkígbà. Kò parí ọ̀rọ̀ náà, Ọwọ́dán kò sì ní kó parí rẹ̀.

Ó sunkún títí ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ọsibítù kó tó wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ń kán sára ìyá rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀rọ kékeré ọjọ́sí ti há mọ́ ìfábẹ̀lá tó wà lófìfo, ó sì ń ka nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ojú mi rí i, mo sì bò ó."

"Ojú rẹ rí i, àbí?" Màmá Gbọọrọ kò gbé orí sókè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń padà bọ̀. "Ta ló tún rí i? Bàbá yín ti lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ń pè mí lórí fóònù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n fóònù ò lè di èèyàn lọ́wọ́ mú. Ta ló ń di ọwọ́ mi mú lóṣooṣù? Ká ní o ò dí i, báwo lo ṣe máa mọ bí kòtò náà ṣe jìn tó? Dákẹ́. Dúpẹ́, má sunkún."

"Mo ń dúpẹ́, màmá."

"Dúpẹ́ dáadáa." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, pupa ń tàn lára ìka yòókù. "Wò wọ́n. Mẹ́sàn-án ń ṣe fàájì, ẹyọ kan ń ṣiṣẹ́."

Ẹ̀rín pa Ọwọ́dán pẹ̀lú omijé lójú.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí màmá ti ń rìn, Ọwọ́dán padà lọ bá dókítà. Dókítà ní òun kì í gba ẹ̀bùn.

"Kì í ṣe ẹ̀bùn. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́."

"Mi ò gbọ́dọ̀ kun èékánná níbi iṣẹ́."

"Mo mọ̀. Òróró lásán ni."

Ọwọ́ dókítà gbẹ, ìdí èékánná rẹ̀ sì ti họ nítorí ọṣẹ tó fi ń fọ̀ ọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń mu tíì, Ọwọ́dán gé èékánná náà, ó yún etí rẹ̀, ó fi òróró pa á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì rọra ń ra ọwọ́ náà láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka. Kò tíì parí ọwọ́ òsì tí dókítà fi sùn lọ lórí àga, gíláàsì rẹ̀ sì yọ̀ bọ́ sí àyà. Ọwọ́dán kò jí i. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ náà mú, ó ń dúpẹ́ sínú.

Ó rẹ ọ̀dà tó kù kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kò sì fi nǹkan kan síbẹ̀ mọ́ àfi òróró. Lóṣooṣù, síbi fèrèsé ni wọ́n ń jókòó, wọ́n ń wò ó. Láti ìdí ni èékánná tuntun ti ń hù, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, títẹ́jú, tó ń ti èyí tó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń sin àlejò burúkú jáde. Bí ó bá ti dé ṣóńṣó, Ọwọ́dán á gé e dànù. Àwọn oníbàárà tó bá bá wọn níbẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí wo tiwọn náà. Ibẹ̀ ni àṣà ojú fèrèsé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá rú Ọwọ́dán lójú, kì í kùn ún. Á ní kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà, kó padà wá.

Àwọn ará yàrá ìfọṣọ ní láéláé, àwọn ò ní ṣe ayẹyẹ náà láìsí ẹni tó ni ín. Wọ́n dúró dè é. Nígbà tí ayẹyẹ náà tún ku ọ̀la, Ọwọ́dán gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó ń bọ̀ láì dúró.

"Màmá!" ni ọkùnrin oníbàtà kígbe látìsàlẹ̀. "Ẹ ò wo bàtà lónìí ni?"

"Mo ti wò ó tán!"

Ó wọlé, ó jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Pupa tó rinlẹ̀."

Ọwọ́dán mú ìgò náà, ó ṣí i, ó tún dé e.  Ìyá wò ó, kò bá a wí. Ife omi kan wà lórí tábìlì. Màmá Gbọọrọ ki ìka kan bọ̀ ọ́, ó gbé e sókè, ó jẹ́ kí ẹ̀kán kan bọ́ sójú èékánná ìfábẹ̀lá ọwọ́ kejì.

Omi náà yọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìka lọ sórí tábìlì, kò dúró rárá. Àwọn méjèèjì ń wò ó níbi tó tẹ́ sí.

"Ó ti lọ," ni Màmá Gbọọrọ wí níkẹyìn, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ọmọ rẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun. Ó yá, máa kùn ún."

Ọwọ́dán kun àtàńpàkò. Nígbà tó dé orí ìka tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ fa ìka náà sẹ́yìn.

"Fi èyí sílẹ̀," ó ní. "Òun ló ń ṣiṣẹ́."